Ààtàn tí kì í rùn: bí èèpo iṣu àti ewé gbígbẹ ṣe ń di ajílẹ̀ lẹ́yìnkùlé

Rọ́bà pẹ́ńtì kan ló kọ́kọ́ dójú tì mí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù Keje ni, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ ní Ìbàdàn, mo sì ti pinnu pé mi ò ní di èèpo sínú nyílọ́ọ̀nù dànù mọ́. Èèpo iṣu, èèpo ìbẹ́pẹ, eèrí ògì, ẹ̀fọ́ tó ti rọ, inú rọ́bà yẹn ni gbogbo ẹ̀ ń lọ. Mo wá ń fi ìdérí rẹ̀ dé e pinpin kí eṣinṣin má baà ráyè. Mo gbé e sẹ́yìn ilé, mo ń retí ajílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí mo ṣí i, òórùn gba gbogbo àgbàlá. Omi dúdú ló wà nísàlẹ̀, ìdin ń gun ẹ̀gbẹ́ rọ́bà. Ìyá onílé wa yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Kí ló kú?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, ajílẹ̀ ni mo ń ṣe." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá, wọ́n wo inú rọ́bà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Ajílẹ̀ wo? Ṣé èèpo nìkan ni wọ́n ń dà sórí ààtàn nílé yín ni? Ewé dà? Ta ló tiẹ̀ ní kó o dé e?"

Inú ìbéèrè wọn yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Ohun tí òyìnbó ń pè ní kọ́ńpọ́ọ̀sì, ààtàn náà ni, àmọ́ ààtàn tí a fọwọ́ tò. Ààtàn ẹ̀yìnkùlé àwọn ìyá wa àgbà kì í rùn bíi rọ́bà mi, nítorí ewé tí wọ́n gbá láàárọ̀, háhá àgbàdo, ewé tí wọ́n fi pọ́n mọ́ín-mọ́ín àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ń bá èèpo dà pọ̀ níbẹ̀. Gbọ̀rọ̀ àti tẹ̀tẹ̀ tó dára jù lágbo ilé, orí ààtàn ló ti ń lalẹ̀ hù, kò sẹ́ni tó gbìn ín. Nyílọ́ọ̀nù ló ba ààtàn jẹ́. Ìgbà tí nyílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà ti dé, ta ló tún fẹ́ bu ilẹ̀ ààtàn lọ sóko?

Kí ló kan àyíká nínú ọ̀rọ̀ èèpo iṣu?

Ju ìdajì lọ nínú ohun tí à ń dà nù nílé ló jẹ́ ohun tó lè jẹrà. Ẹ gbé àpò ìdọ̀tí yín wò: ohun tó mú un wúwo, tó mú un rùn, tó ń kán omi sílẹ̀ kí àwọn akólẹ̀ tó dé, òun náà ni. Bí ọkọ̀ bá gbé e dé ààtàn ìjọba, ì báà ṣe Awótán tàbí Lápité ní Ìbàdàn, ì báà ṣe Olúsosùn ní Ọ̀jọ́ta l'Ékòó, wọ́n á da òmíràn lé e lórí, afẹ́fẹ́ ò sì ní ráyè débẹ̀ mọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò nílò afẹ́fẹ́ ló máa jẹ ẹ́, gáàsì mẹ́téènì ni wọ́n sì máa ń tú jáde. Tí a bá fi 100 ọdún ṣòdiwọ̀n, kílò kan mẹ́téènì ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po 27 sí 30 ohun tí kílò kan carbon dioxide, gáàsì tí à ń mí síta, ń ṣe. Gáàsì yìí tún máa ń gbiná. Ẹni tó bá wà l'Ékòó ní oṣù Kẹta ọdún 2018, nígbà tí Olúsosùn ń jó, á rántí èéfín ọjọ́ náà. Nínú ààtàn kékeré tí à ń tú, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, mẹ́téènì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wáyé.

Èyí tí kò dé ààtàn ìjọba ńkọ́? Inú gọ́tà àti odò ni. Ará Ìbàdàn ò lè gbàgbé Omíyalé Ògùnpa, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Òjò ńlá ló rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ odò tí ìdọ̀tí àti ilé ti fún mọ́ ni omi òjò náà bá pàdé. Lójú tèmi, òórùn èèpo ló ń lé èèyàn lọ sídìí gọ́tà lóru. Nyílọ́ọ̀nù àti ike tí kò ní oúnjẹ nínú lè dúró de akólẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ yọ èèpo kúrò nínú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ìdọ̀tí tó kù ò kánjú lọ síbì kan.

Ti iná ewé tún wà níbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti ń gbá ewé jọ tí wọ́n ń finá sí i, ikọ́ ò sì jẹ́ kí ọmọdé sùn. Owó ni wọ́n ń jó yẹn, bí ẹ ó ṣe rí i níwájú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ya èèpo sọ́tọ̀ nílé ìdáná

Ike méjì tó. Ọ̀kan fún ohun tó ń jẹrà, ìkejì fún nyílọ́ọ̀nù, ike, agolo àti ìgò. Èyí tó jẹ́ ti èèpo, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ewé gbígbẹ tàbí bébà ìròyìn sí ìdí rẹ̀ kó lè máa fa omi. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tàbí lọ́jọ́ méjì ni kí ẹ máa dà á lọ sẹ́yìnkùlé. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀ ní pálọ̀.

Gbogbo èèpo ló wúlò: ti iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà tí ẹ bó fún àkàrà. Èèpo ẹyin náà dára, ẹ rún un kúná. Ìdí ẹ̀fọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tíì, eèrí ògì, háhá àgbàdo, ewé mọ́ín-mọ́ín, gbogbo wọn ń jẹrà. Ṣùkù àgbàdo àti èèpo àgbọn máa ń pẹ́, ẹ gé wọn wẹ́wẹ́ tàbí kí ẹ tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Èèpo ọsàn ò ṣe nǹkan kan bí kò bá ti pọ̀ jù.

Ẹran, ẹja, eegun, ọbẹ̀ elépo àti wàrà ò gbọdọ̀ débẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò ní jẹrà o, eku àti ajá ni wọn yóò pè. Ìgbẹ́ ajá, ti ológbò àti ti èèyàn, rárá, nítorí aràn àti àrùn. Nápì ọmọ, bátìrì àti páálí tó ń dán bíi gíláàsì, ẹ yẹra fún wọn. Ewé tòmátì tí àrùn ti mú, ẹ má dà á síbẹ̀ bí ààtàn yín kì í bá gbóná dáadáa.

Kí n tó gbàgbé: bí ẹnì kan bá ń sin ewúrẹ́ ládùúgbò yín, òun ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mi ò rí ìdí tí a ó fi sọ oúnjẹ ẹran di ajílẹ̀ tààrà nígbà tó lè gba ikùn ẹran kọjá. Bàbá kan wà lọ́nà ilé wa tí mo máa ń kó èèpo fún ní àràárọ̀ Sátidé. Àpò ìgbẹ́ ewúrẹ́ kan ni wọ́n máa ń fi rán mi padà lóṣù, èmi ni mo sì jẹ èrè jù. Èèpo gbágùúdá nìkan ni kí ẹ sá gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún ẹran, torí májèlé tó wà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibi tí ẹ ó fi sí

Abẹ́ igi dára, kí oòrùn má baà fa omi inú rẹ̀ tán. Orí ilẹ̀ ni kó wà, kó má ṣe jẹ́ orí kọnkéré, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni ekòló ti ń gòkè wá bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ má fi í ti ògiri ilé ẹnikẹ́ni, ẹ sì jẹ́ kó jìnnà sí kànga. Bí omi òjò bá máa ń dúró níbẹ̀, ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ fi ọparun, pákó àlòkù tàbí búlọ́ọ̀kù tí ẹ tò láìfi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká, kí àyè wà láàárín wọn fún afẹ́fẹ́. Mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga. Kí ló dé tó fi jẹ́ mítà kan? Bó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru inú rẹ̀ á máa sá lọ, yóò kàn jẹrà wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Bó bá tóbi ju mítà kan ààbọ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ò ní dé àárín. Àwọn kan máa ń gbẹ́ kòtò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni mo lè gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, kòtò á di ìkòkò ọbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ewé gbígbẹ lowó rẹ̀

Ibí ni èmi àti ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣìṣe. Èèpo kì í wọ́n nílé Yorùbá. Ewé gbígbẹ ló ń wọ́n nígbà tí a bá nílò rẹ̀, torí pé ìgbà òjò ni èèpo ń pọ̀, ìgbà ọyẹ́ ni ewé ń já.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣiṣẹ́ yìí dà bí àwa náà: wọ́n nílò oúnjẹ afúnnilágbára, wọ́n sì nílò èyí tó ń mú ara dàgbà. Èyí tó ń fún wọn lágbára ni kábọ̀n, inú ohun gbígbẹ ló pọ̀ sí: ewé, pòròpórò, ìyàngbò, páálí, lẹ́búlẹ́bú pákó. Èyí tó ń mú ara wọn dàgbà ni náítírójìn, inú ohun tútù àti ìgbẹ́ ẹran ló pọ̀ sí. Ìwọ̀n tó bá wọn lára mu ni nǹkan bí 25 sí 30 kábọ̀n sí náítírójìn kan. Bí náítírójìn bá pọ̀ jù, wọn ò lè lo gbogbo rẹ̀, á wá máa fò lọ bí òórùn ìtọ̀. Bí kábọ̀n bá pọ̀ jù, ààtàn á dúró bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà láìyí padà.

Ẹ ò nílò ìṣirò kankan. Ẹ fi rọ́bà pẹ́ńtì wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe ń wọn gaàrí lọ́jà: rọ́bà mẹ́ta ohun gbígbẹ sí rọ́bà kan ohun tútù. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ adìyẹ ni, ẹ fi ohun gbígbẹ kún un sí i, torí ìgbẹ́ adìyẹ lágbára púpọ̀.

Nítorí náà, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ẹ wá àpò ìrẹsì ṣófo mẹ́wàá, ẹ kó ewé sínú wọn, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ tò ó síbi tí òjò ò ti ní pa á. Ewé furúùtù dára gan-an. Ewé máńgòrò àti ti tíkì máa ń le, wọ́n á pẹ́. Ẹ fi àdá gé wọn sí wẹ́wẹ́ tàbí kí ẹ jẹ́ kí ọmọdé fẹsẹ̀ rún un, inú wọn á dùn sí i. Àwọn aládùúgbò tó ń jó ewé, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó o fún yín. Tèmi kọ́kọ́ fura pé mo fẹ́ lò ó ṣoògùn.

Lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì náà wúlò, àmọ́ ẹ fi díẹ̀díẹ̀ sí i torí kábọ̀n inú rẹ̀ pọ̀ kọjá ààlà. Ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti fi oògùn ikán kun pákó náà. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: títò

Ẹ kọ́kọ́ to igi wẹ́wẹ́, pòròpórò tàbí ìdí ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ ní gíga ọwọ́ kan, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ wọlé. Lórí rẹ̀, ẹ da ewé gbígbẹ. Ẹ da èèpo lé e. Ẹ bu ìgbẹ́ ẹran díẹ̀ sí i bó bá wà. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ ọgbà tàbí ajílẹ̀ àtijọ́ kan wọ́n ọn, torí inú rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ yín wà. Ẹ wọ́n omi. Lẹ́yìn náà, ewé gbígbẹ tún bọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe títí yóò fi kún, ewé gbígbẹ ló sì gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá nígbàkúùgbà. Bí ẹ bá ti rí èèpo lójúkojú lórí ààtàn yín, eṣinṣin náà ti rí i.

Eérú igi ìdáná, ẹ lè wọ́n díẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá onílé wa fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀: bó bá pọ̀, tó sì pàdé ìgbẹ́ adìyẹ tútù, ńṣe ló ń lé náítírójìn lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀kúnwọ́ kan fún ìpele kan ti tó.

Ti omi rèé. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín, ẹ fún un pinpin. Bí omi bá kán ẹ̀kán kan tàbí méjì láàárín ìka yín, ó pé. Bó bá ń ṣàn, omi ti pọ̀. Bí ẹ bá la ọwọ́ tó sì tú ká bíi gaàrí Ìjẹ̀bú, ó ń fẹ́ omi. Kànrìnkàn ìwẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún tán ni ẹ fi ṣàpẹẹrẹ rẹ̀. Nígbà òjò, ẹ ta tapólì bò ó, ṣùgbọ́n ẹ fi igi gbé e sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Òjò tó bá ń lu ú tààrà ń fọ ọ̀rá ilẹ̀ yín lọ ni. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa bomi rin ín bí ẹ ṣe ń bomi rin ẹ̀fọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ooru, àti títú u

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, bí ẹ bá tò ó dáadáa tó sì tóbi tó mítà kan, á gbóná. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé ẹnì kan ló finá sí i: òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, ìrì ṣì wà lórí koríko, ooru ń rú jáde láti orí ààtàn bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò ẹ̀kọ. Ẹ ki ọ̀pá irin kan bọ àárín rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án. Bí ẹ kò bá lè di irin náà mú pẹ́, a jẹ́ pé iṣẹ́ ń lọ. Lórí òṣùwọ̀n Celsius, 55 sí 65 ni a fẹ́. Bó bá wà ní 55 sókè fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, yóò pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn àti irúgbìn koríko. Bó bá fẹ́ kọjá 70, ẹ tú u ká díẹ̀, torí ó ti ń pa àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló tán. Ẹ fi ṣọ́bìrì tú u: èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó bọ́ sáàárín, èyí tó wà láàárín kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Á tún gbóná. Ẹ máa tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan, lẹ́yìn náà ẹ lè máa tú u lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ẹni tí kò ráyè tú u kò ṣẹ̀; yóò kàn pẹ́ ni. Tèmi tí mò ń tú máa ń pọ́n láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn lè gbà tó ọdún kan.

Ẹ wọ bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́. Mi ò fi èyí ṣeré. Ààtàn tó tutù, tí a ti pa tì fún ìgbà pípẹ́, ejò lè fi ṣe ilé, àkeekèé náà fẹ́ràn abẹ́ pákó. Ẹ fi igi gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bó bá gbẹ tó ń rú eruku, ẹ fi aṣọ bo imú.

Bó bá ṣe bí kò ṣe yẹ

Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́: omi pọ̀, afẹ́fẹ́ ò sí. Ohun tó ṣe rọ́bà mi nìyẹn. Ẹ tú u, ẹ da ewé gbígbẹ púpọ̀ sí i, kò ní ju ọjọ́ méjì lọ tí òórùn á fi lọ. Òórùn ìtọ̀ tó ń ta imú: ohun tútù tàbí ìgbẹ́ adìyẹ ló pọ̀ jù, ewé gbígbẹ náà ni oògùn rẹ̀.

Bí tanpẹ́pẹ́ tàbí ikán bá kó wọ̀ ọ́, ó ti gbẹ jù. Omi àti títú ni wọn ò fẹ́.

Ìdin máa ń dẹ́rù bani, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìdin ló burú. Èyí tó tóbi, tó fẹ̀ pẹlẹbẹ, tó ní àwọ̀ eérú, ń jẹ èèpo kíákíá ni, kì í ṣe ti eṣinṣin tó ń bà lé oúnjẹ wa. Ẹ pe adìyẹ, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìdin funfun kéékèèké, èèpo tí ẹ kò bò ló fà á.

Bó bá kọ̀ tí kò gbóná rárá, ẹ wò ó bóyá ó kéré, bóyá ó gbẹ, tàbí bóyá ewé gbígbẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ rọ́bà kan tàbí koríko tútù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé á jí i. Bí ẹ bá rí i tó bu funfun láàárín, ẹ má fòyà, irú kòkòrò àìfojúrí kan tó dà bí olú ni, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ẹni tí kò ní ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?

Rọ́bà pẹ́ńtì tó dójú tì mí yẹn náà ló wúlò. Ẹ fi ìṣó tí ẹ ti mú gbóná lu ihò bí 30 sí ìdí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lé bíríkì méjì, kí tíréè wà lábẹ́. Páálí tí ẹ ya wẹ́wẹ́ àti bébà ìròyìn ló máa dípò ewé. Ẹ máa gbé e mì tàbí kí ẹ fi igi rò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kò ní gbóná nítorí kékeré rẹ̀, nítorí náà oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ló máa gbà, irúgbìn tòmátì àti ìbẹ́pẹ ò sì ní kú nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá hù nínú ìkòkò òdòdó yín lọ́jọ́ iwájú, ẹ má bú mi. Rọ́bà méjì ló rọrùn jù: bí ọ̀kan bá kún, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa pọ́n, ẹ máa da èèpo sínú ìkejì.

Ẹni tó bá sì ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò nílò gbogbo àlàyé yìí. Ẹ gbẹ́ kòtò tó dé orúnkún sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ máa da èèpo àti ewé síbẹ̀, ẹ máa fi ilẹ̀ bò ó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á wá a lọ fúnra rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti pọ́n

Yóò ti sọ̀ sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ rẹ̀ á dúdú bí ilẹ̀dú, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ èèpo iṣu tẹ́lẹ̀ mọ́. Òórùn rẹ̀ á dà bíi ti ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kàn án. Ẹ tú u lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá gbóná mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó kù díẹ̀.

Kí ó dá yín lójú, ẹ bu díẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ẹ fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sí i, ẹ bomi rin ín. Bó bá hù dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ewé rẹ̀ ò pọ́n, ajílẹ̀ ti ṣetán. Bó bá hù tó wá jó bí ẹni tí iná rà, ẹ jẹ́ kó sinmi fún oṣù kan sí i. Ajílẹ̀ tí kò tíì pọ́n ń bá irúgbìn du náítírójìn ni.

Lílò ó

Fún ebè ẹ̀fọ́ tàbí ewédú, ẹ tẹ́ ẹ nípọn tó ìka méjì, ẹ fi ọkọ́ rò ó mọ́ ilẹ̀ díẹ̀. Fún tòmátì àti ata, ẹ̀kúnwọ́ méjì nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Nínú ìkòkò tàbí àpò, rọ́bà kan ajílẹ̀ sí rọ́bà méjì ilẹ̀. Ẹ má gbin nǹkan sínú ajílẹ̀ nìkan. Fún igi ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ, ẹ tẹ́ ẹ yí ìdí ká, kó má kan ara igi.

Ẹ má retí kó ṣiṣẹ́ bíi yúríà, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà tí wọ́n ń tà lọ́jà. Yúríà ní 46% náítírójìn. Ajílẹ̀ ààtàn sábà máa ń wà láàárín 1 sí 2%. Àgbàdo tí ẹ fi yúríà sí á yí àwọ̀ padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ti ajílẹ̀ á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ gáàsì tí wọ́n ń wà jáde lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń ṣe yúríà, kì í sì í tún ilẹ̀ ṣe. Ilẹ̀ wa níhìn-ín, ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ níyanrìn lókè. Òjò kan ń rọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ ń bá omi lọ. Ajílẹ̀ ló ń mú kí iyanrìn yẹn lè di omi àti oúnjẹ mú. Ebè méjì ni mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú oṣù Kẹjọ, ewédú èyí tí kò ní ajílẹ̀ ti sorí kọ́ lọ́jọ́ kẹrin, ti èkejì ṣì nà gbọnrangandan. Ẹni tó bá ń dá oko ńlá lè pa méjèèjì pọ̀, ajílẹ̀ púpọ̀ àti yúríà díẹ̀.

Kí ẹ tó lò ó, ẹ fi ajọ̀ onírin jọ̀ ọ́. Ohun tó kù lórí ajọ̀, igi wẹ́wẹ́, ṣùkù àgbàdo, èèpo àgbọn tó ń ṣagídí, ẹ dà á padà sí ìdí ààtàn tuntun. Nínú ti ọdún yìí, mo rí ìdérí rọ́bà pẹ́ńtì yẹn níbẹ̀, ó mọ́ nini, kò yingin.